Òwú pupa tí ọ̀gá mi ń fi sára aṣọ

Àsàláámù àléékúm, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ, bóyá ó yẹ kí ọlọ́jà fi àléébù ọjà rẹ̀ han oníbàárà, ló mú kí èmi náà dá sí i.

Ṣọ́ọ̀bù aṣọ ni mo ti ṣiṣẹ́, a ò pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀gá wa kì í fi ẹ̀sìn pariwo. Ṣùgbọ́n bí a bá ti tú ìdì aṣọ tuntun, yóò nà án síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, yóò máa fi àtẹ́lẹwọ́ tọ́ ọ láti etí dé etí. Ibi tó bá lu, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, á fa òwú pupa kọjá níbẹ̀, kí oníbàárà lè rí i kó tó dúnàá dúrà. Ẹnì kan nínú wa sọ pé èyí á lé èèyàn lọ. Òótọ́ ni, àwọn kan já aṣọ sílẹ̀ lójú mi, wọ́n bá tiwọn lọ.

Ọ̀gá ní Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ki ọwọ́ bọ òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, ó sì bá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní tútù. Ọlọ́jà ní òjò ló pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò fi èyí tó tutù sókè káwọn èèyàn rí i, ó wá ní ẹni tó bá rẹ́ni jẹ kì í ṣe ara òun. Lójú tèmi, òwú pupa yẹn jẹ́ ìjọsìn bí ìrun tí à ń kí.

Ẹni tó ń bá wa ṣẹ́tí aṣọ ń gbowó rẹ̀ kí ìrun Mògáríbì (ti àṣálẹ́) tó pè, bóyá ọjà tà tàbí kò tà. Gbèsè ńkọ́? Kíkọ ni, ti àbúrò ọ̀gá pàápàá. Áyà (ẹsẹ) tó gùn jù nínú Àlùkùráánì, Súrà (orí) 2 áyà 282, ọ̀rọ̀ gbèsè kíkọ sílẹ̀ ló dá lé.

Ní Jímọ̀, a ń tilẹ̀kùn fún ìrun. Bí ìrun bá ti parí, a tún ń ṣí i, nítorí Súrà 62 áyà 10 ní ká túká, ká wá nínú oore Ọlọ́hun. Kírísítẹ́nì kan wà láàárín wa. Ọ̀gá kò yọ wákàtí yẹn kúrò nínú owó rẹ̀ rí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba èèyàn síṣẹ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe tiyín tí ìrun bá bọ́ sí àkókò tí èrò pọ̀ jù?