Abágbogbomu kì í ṣe àpààrọ̀

Okun o, ẹ̀yin ará.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé ìtọ́jú ìbọn ìléwọ́ àwọn ọlọ́pàá ní ká bá àwọn wo ọ̀rọ̀ méjì. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀yà ìbọn tí a lè yọ lára ọ̀kan ká fi sínú òmíràn tó jẹ́ irú rẹ̀, láì ha á, láì gé e. Wọ́n pè é ní "ẹ̀yà àpààrọ̀". Èkejì ni ìwà ìbọn tí kì í kọ̀. Wọ́n ní "ìgbẹ́kẹ̀lé". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ìkankan.

Kí ni a kì í pààrọ̀? Lọ́sẹ̀ tó kọjá ní Kábà, mo jókòó ti mẹkáníìkì tó ń tún ọ̀kadà mi ṣe. Ó fi ṣúù bíréèkì tuntun sí i, kò wọlé. Ó mú fáìlì, ó ha á, ó gbé e wò, ó tún ha á, eruku irin ń dà sí i lórí itan. Ìgbà kẹta ló tó jókòó. Ó pààrọ̀ ẹ̀yà lóòótọ́, ṣùgbọ́n fáìlì ló bá a ṣe é.

Ẹ tún wo Luger, ìbọn ìléwọ́ tí àwọn ọmọ ogun Jámánì gbà ní 1908, tí ọlọ́pàá wọn náà sì lò. Nọ́ńbà méjì tó kẹ́yìn nínú nọ́ńbà ìbọn ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́ àwọn ẹ̀yà kéékèèké lára, kí tìhín má baà lọ bá tọ̀hún. Bí ẹ̀rúkọ́ ìyá àgbà mi ni: ọkọ́ kan ṣoṣo ló gbà.

Ohun tí ìwé yẹn ń wí ni ohun tí Honoré Blanc, oníṣẹ́ ìbọn, fi han Thomas Jefferson, aṣojú Amẹ́ríkà, ní Faransé ní 1785. Ó tú ẹ̀rọ ìyìnbọn 50 palẹ̀. Jefferson fúnra rẹ̀ ṣa èyí tọ́wọ́ rẹ̀ bà, ó tò ó, gbogbo rẹ̀ sì wọlé wẹ́rẹ́. A máa ń ní aṣọ bá mi mu. Èyí bá gbogbo irú rẹ̀ mu: ẹ̀yà abágbogbomu. Bẹ́nìkan bá ní "gbogbo" ti pọ̀ jù, nítorí ẹ̀yà ìbọn Glock kò wọ ìbọn Beretta, ṣé bí mo bá ní gbogbo ilé ń kí yín, gbogbo ilé tó wà ní Lọ́kọ́ja ni?

Ní ti "ìgbẹ́kẹ̀lé", ọkàn ẹni tó gbé ìbọn dání nìyẹn ń gbé. Èèyàn lè gbẹ́kẹ̀ lé jákujàku. Nígbà tí wọ́n dán ìbọn Colt wò ní Amẹ́ríkà ní 1911, ó yin ọta 6,000 láìkọ̀, tó bá gbóná wọn á tì í bọ omi. Ìwà ìbọn nìyẹn. Àwọn ọdẹ wa ń sọ pé "ìbọn kọ̀". Ẹ jẹ́ ká kúkú pè é ní àìkọ̀. (Ọdẹ àgbà kan ní Ìsánlú ní àìkọ̀ kò sí lọ́wọ́ irin, ọwọ́ ẹni tí wọ́n kọjú ìbọn sí ló wà. Mi ò bá wọn jà.)

Ẹ má sì pa méjèèjì pọ̀ o. Ẹ̀yà lè jẹ́ abágbogbomu kí ìbọn ṣì kọ̀, bí omi bá ti wọ ọta tàbí tí sípíríǹgì ti rọ̀. "Àpààrọ̀" yẹn, ẹ̀gbọ́n, ẹ tọ́jú ẹ fún ojú ìwé tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ páàtì títà.