Mo ra wàrà ewúrẹ́ bọ̀ láti ibi ìpàtẹ: báwo ni mo ṣe lè fi ṣe wàràkàṣì?

Ìyá Ìbejì, Pennsylvania
Ẹ kú ilé o. Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àtàwọn ìbejì mi lọ wo ìdíje ewúrẹ́ níbi ìpàtẹ àgbẹ̀ àdúgbò wa. Wọ́n ti wẹ àwọn ẹran náà mọ́ tónítóní, adájọ́ sì ń fọwọ́ kan ọmú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. A rí Saanen funfun báláú, Nubian elétí gígùn, àti LaMancha tí etí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ìgbà tí wọ́n da àwọn kúkúrú kan tí wọ́n ń pè ní Nigerian Dwarf wọlé, àyà mi já. Ewúrẹ́ ẹ̀yìnkùlé ìyá mi àgbà ní Ìkirè nìyí! Iṣẹ́ wa ni ká máa lé e kúrò nídìí láfún tí a sá. Kò sẹ́ni tó fún wàrà rẹ̀ rí.

Ẹni tó ni wọ́n ní ìwé àṣẹ láti ta wàrà tí a kò sè. Mo ra gálọ́ọ̀nù kan, mo fi yìnyín tì í nínú kúlà. Mo tọ́ ọ wò: ó ki, ó dùn, kò rùn rárá. Níbo ni màá ti rí ewé bọ̀mubọ̀mu tí a fi ń mú wàrà dì níbí? Àbúrò mi sì ní ọmọ oṣù 7, ṣé ó lè mu ún?

Olówó Ẹran, Texas
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrìn. Nigerian Dwarf ni mo ń sìn. Ọ̀rá wàrà wọn lè tó ìdá 6 nínú 100. Ti Saanen kì í sábà ju 3 sí 4 lọ. Òórùn máa ń wọ inú wàrà bí òbúkọ bá ń bá àwọn abo gbé, tàbí bí wàrà kò bá tètè tutù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tọ́ ọ wò láìsè mọ́, àrùn ẹran ń gba ibẹ̀ wọ ara ènìyàn. Ẹ gbé e kaná dé 145 Fahrenheit, kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ wá gbé e sínú omi yìnyín. Ti ọmọ yẹn, rárá o. Fólétì, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, kéré nínú wàrà ewúrẹ́, ó lè sọ ọmọ ọwọ́ di aláìlẹ́jẹ̀tó. Ẹ jẹ́ kó pé ọdún kan.

Ọmọ Ìlọrin
Ẹ ǹlẹ́ mà. Oje lẹ́mọ́ọ̀nù á ṣiṣẹ́ bọ̀mubọ̀mu. Ẹ jẹ́ kí ìdajì gálọ́ọ̀nù fẹ́ hó, ẹ pa iná, ẹ da oje bí ìdá kan nínú mẹ́rin ife sí i. Ẹ rò ó lẹ́ẹ̀mejì péré, bí ẹ bá ń rò ó ṣáá, á fọ́ wẹ́wẹ́. Bí omi rẹ̀ bá ti yà sọ́tọ̀, ẹ dà á sínú aṣọ mímọ́, ẹ so ó rọ̀. Ẹ lè dín in, kò ní yọ́ nínú òróró.

Ìyá Ìbejì, Pennsylvania
Ó dì! Ó funfun ju ti màlúù lọ. Mo dín in, mo dà á sínú ọbẹ̀ ata, àwọn ìbejì ò jẹ́ kó kù. Mo fi fídíò àwọn ewúrẹ́ náà ránṣẹ́ sí màmá mi ní Ìkirè. Wọ́n ní méjì wà lẹ́yìnkùlé àwọn báyìí, ọ̀kan ti lóyún. Mo ti bẹ̀ wọ́n pé tó bá bí, tí ọmọ rẹ̀ bá ti mu yó, kí wọ́n fún ìyókù sínú ife, kí wọ́n sè é, kí wọ́n wá sọ fún mi bó ṣe rí lẹ́nu.