Ẹja ẹ̀tàn tí a fi ń mú epìyà: ìrírí àwa tí a ń lọ sétí omi n'Ìbàdàn

Láti ọwọ́ Ọmọ Ẹlẹ́yẹlé

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àsìkò yìí o. Wọ́n ní kí kálukú wa wá sọ èyí tí ó fẹ́ràn jù nínú àwọn ẹja ẹ̀tàn tí ara wọn le, àwọn tí a fi ike tàbí igi ṣe, tí ahọ́n pẹlẹbẹ kan yọ lábẹ́ àgbọ̀n wọn, tí ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta sì rọ̀ mọ́ ikùn àti ìdí wọn. Èyí tí mo fẹ́ràn jù kò dára wò. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti hó, ojú rẹ̀ kan ti jábọ́, gígùn rẹ̀ kò sì ju mìlímítà 38 lọ, ìyẹn ni pé kò gùn tó ìka ọmọdé. Kí n tó mọ iyì rẹ̀, odindi ọdún méjì ni mo fi ń sáré tẹ̀lé àwọn tí wọ́n ń dán.

Ọdún 1942 ni wọ́n dí odò Ọnà tí Ẹlẹ́yẹlé fi di adágún, ẹ̀bá rẹ̀ ni wọ́n sì bí mi sí. Mo ti ń fi ekòló mú epìyà kí n tó mọ ìwé kà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kan ti òkè òkun dé, tí ó kó ẹja ẹ̀tàn mẹ́fà fún mi nínú páálí, mo rò pé ọ̀rọ̀ ekòló ti parí nìyẹn. Mo gbé wọn lọ sétí omi láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, mo mú èyí tí ó tóbi jù, aláwọ̀ fàdákà tí ó ń dán yanran, tí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 9, mo sì ń jù ú títí èjìká fi ń ro mí. Àwọn ọmọdé ti pé lé mi lórí. Bàbá apẹja kan tí ó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe nínú ọkọ̀ wò mí títí, ó ní, “Ọmọ mi, ẹja tibí kò gbọ́ òyìnbó o.” Mo ní, “Bàbá, wọn yóò gbọ́ láìpẹ́.” Títí oòrùn fi kan àtàrí, wọn kò gbọ́.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé epìyà kì í ṣe ẹja tí ń lé ẹja jẹ. Oreochromis niloticus, tí àwọn ìyá ẹlẹ́ja wa máa ń tò sórí àtẹ, ohun wẹ́wẹ́ inú omi ni ó ń jẹ. Coptodon zillii ní tirẹ̀ fẹ́ràn ewéko. Èyí tí ó ń dọdẹ ẹja ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní tòótọ́ nínú ẹbí wọn ni Hemichromis fasciatus, tí a fi àmì dúdú márùn-ún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń dá a mọ̀, òun náà kò sì tóbi. Nítorí náà, bí epìyà ńlá bá gbá ẹja ẹ̀tàn mú, kì í sábà jẹ́ ebi ni ó ń pa á. Inú ni ó ń bí i. Akọ Oreochromis a máa gbẹ́ ihò róbótó sí ìsàlẹ̀ omi tí kò jìn, a sì máa lé ohunkóhun tí ó bá yà á wò níbẹ̀. Ní ti Coptodon, tọkọtaya ni wọ́n jọ ń ṣọ́ ẹyin wọn.

Mo fojú ara mi rí i láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún, tí ọyẹ́ mú, tí omi sì mọ́ débi pé mo ń ka òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti orí àpáta tí mo dúró lé. Mo fa ẹja kékeré olójú kan yìí wá sójú ihò epìyà kan, mo sì dá ọwọ́ dúró. Epìyà náà kọ́kọ́ fà sẹ́yìn. Ó na lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ró ṣánṣán, ó yí ẹ̀gbẹ́ sí i bí ẹni tí ó fẹ́ kí á mọ bí òun ṣe tóbi tó, ó sì wá fi imú tì í díẹ̀. Ẹja ẹ̀tàn mi kò lọ. Ó tún tì í. Nígbà tí ó rí i pé àlejò náà kò ní ìtìjú, ó yanu, ó fi ètè gbé e, ó ń gbé e jáde kúrò nínú ihò bí ìyàwó ilé ṣe ń gbé pàǹtírí lọ sí ààtàn. Ibẹ̀ ni mo ti fa ọ̀pá.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń yan ẹja ẹ̀tàn bí ẹni tí ń yan irinṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, bí ẹni tí ń yan aṣọ ọdún ni mo ṣe ń yàn án. Ahọ́n ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ahọ́n kúkúrú tí ó tẹ̀ sísàlẹ̀ kì í jẹ́ kí ó rì jìn, ṣùgbọ́n ahọ́n gígùn tí ó nà síwájú a máa fà á lọ sí ìsàlẹ̀ gan-an, bẹ́ẹ̀ ni etí Ẹlẹ́yẹlé níbi tí mo ti ń rí ihò epìyà kò jìn ju mítà kan lọ, ẹrẹ̀ ni ahọ́n gígùn yóò kàn máa hú níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, mo ń wo ohun tí ó ń ṣe nígbà tí mo bá dáwọ́ dúró: òmíràn a léfòó padà sókè, òmíràn a rì, òmíràn a sì dúró sí ibi tí mo fi í sí gẹ́lẹ́, bí ẹni pé wọ́n fi òwú so ó rọ̀. Ìkẹta yìí ni tèmi. Ní ti àwọ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó yín. Bí òjò bá ti da omi rú, èyí tí ó dúdú ni mò ń lò kí òjìji rẹ̀ lè hàn. Nígbà ọyẹ́, aláwọ̀ ilẹ̀. Ó parí.

Nígbà tí méjì nínú mẹ́fà náà ti kọ́ sí gbòǹgbò tí okùn sì já, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ tèmi. Igi arère ni mo lò, nítorí pé ó fúyẹ́, àjákù rẹ̀ kò sì wọ́n ní ọjà pákó Bódìjà. Lauri Rapala ti Finland ṣe irú rẹ̀ ní 1936: èèpo igi tí wọ́n fi ń dí ìgò ni ó gbẹ́, ó fi bébà dídán tí wọ́n fi ń wé ṣokoléètì bò ó, ó sì yọ́ fíìmù fọ́tò àtijọ́ láti fi kùn ún lára kí omi má baà wọ̀ ọ́. Èmi gé ahọ́n tèmi lára CD tí kò kọrin mọ́. Èyí àkọ́kọ́ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú omi bí òkú ẹja, àfìgbà tí mo tó lu ihò sí i níkùn, tí mo fi òjé díẹ̀ dí i, ni ó tó mọ bí a ṣe ń dúró.

Láti ọwọ́ Ará Perth tí ó ti padà sílé

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Ẹlẹ́yẹlé, ẹ ṣeun tí ẹ là á yékéyéké. Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbé ìlú Perth ní Ọsirélíà, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́ iṣẹ́ yìí, lára ẹja tí wọ́n ń pè ní bream. Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú mọ́ wa lójú, bí ará Zambia tàbí Zimbabwe bá dárúkọ bream, ẹbí epìyà wa ni ó sábà ń sọ. Bream ti Perth, Acanthopagrus butcheri, ẹja mìíràn pátápátá ni. Ibi tí omi òkun ti ń pàdé omi odò ni ó ń gbé, eyín rẹ̀ sì le tó láti fọ́ ìkarahun. Ebi ni ó ń fi tirẹ̀ ṣe o! Ó ti tẹ ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta kan wọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ rí, bí ẹni tẹ wáyà.

Nínú odò Swan ti Perth, tí omi iyọ̀ òkun ń wọ̀, ara òpó afárá àti igi tí ó wó sómi ni wọ́n fẹ́ràn. Ẹni tí ó bá ju ẹja ẹ̀tàn sí ìwọ̀n mítà méjì sí òpó, inú aṣálẹ̀ ni ó jù ú sí. Wọ́n kọ́ mi pé kí n jù ú kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òpó, kí n jẹ́ kí òrùka tí ó ta sójú omi parẹ́ tán, kí n yí ríìlì, ohun tí a fi ń ká okùn wọlé, lẹ́ẹ̀mẹta péré, kí n sì tún dúró. Ìgbà ìdúró yẹn náà ni ó máa ń bù ú. Ẹ ò rí i pé ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni èmi àti ẹ̀gbọ́n gbà, ọjà kan náà ni a ná.

Ohun tí ó mú mi kọ̀wé ni ohun tí ojú mi rí ní Aṣejire, adágún odò Ọ̀ṣun tí ó wà lọ́nà Ifẹ̀. Mo gbé àyànfẹ́ mi lọ síbẹ̀, mìlímítà 40, èyí tí ó máa ń dúró gbọnin láàrin omi ní Swan. Ní Aṣejire, bí mo bá ti dáwọ́ dúró, ó ń rì díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn. Mo rò pé ó ti lu, pé omi ti wọ inú rẹ̀. Mo mì ín sétí, ọta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ nìkan ni mo gbọ́ tí ó ń ro ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó yé mi pé iyọ̀ ni. Omi iyọ̀ wúwo ju omi odò lọ, ó sì ń gbé nǹkan ró jù ú lọ. Ẹni tí ó bá ti fi ẹyin tútù sínú omi lásán rí, tí ó sì tún fi í sínú omi tí a da iyọ̀ púpọ̀ sí, ti rí ohun tí mò ń wí. Ẹja ẹ̀tàn tí ó wúwo tó láti dúró nínú omi Swan yóò rì nínú omi Ọ̀ṣun. Mo bọ́ ìwọ̀ rẹ̀ méjèèjì, mo fi èyí tí irin rẹ̀ tín-ín-rín rọ́pò wọn, mo sì gbé garawa omi ka iwájú. Nígbà kẹta tí mo pààrọ̀ ìwọ̀, ó dúró. Láti ìgbà náà, kò sí èyí tí mò ń gbé lọ sétí omi láìjẹ́ pé ó ti kọ́kọ́ dé inú garawa.

Ibi kan ṣoṣo tí n kò ti bá ẹ̀gbọ́n lọ ni ti òjò. Bí omi bá ti rú, ọta inú ẹja ẹ̀tàn ni mo gbẹ́kẹ̀ lé, n kò ka àwọ̀ dúdú sí.

Láti ọwọ́ Ìyá Àpáta

Ẹ̀yin bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Gbogbo yín ń sọ ahọ́n àti àwọ̀, kò sí ẹni tí ó bá ìwọ̀ fúnra rẹ̀ wí. Èmi kì í fi ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta sílẹ̀ lára ẹja ẹ̀tàn kankan mọ́. Ewéko tí ó ń bo Ẹlẹ́yẹlé yìí ni ó kọ́kọ́ kọ́ mi lọ́gbọ́n, nítorí pé ẹnu mẹ́ta ń kó ewé ìlọ́po mẹ́ta. Àtàǹpàkò mi ni ó ṣìkejì: ìwọ̀ iwájú wọ inú rẹ̀ nígbà tí epìyà ṣì ń jà lára ìwọ̀ ẹ̀yìn, kí n sì tó rí ẹni bá mi dì í mú, mo ti kọ orin tí n kò mọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó parí rẹ̀ ni ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo fa ẹja kan wọlé tí mo sì rí i pé kò gbé ìwọ̀ mì rárá, ẹ̀gbẹ́ ni ìwọ̀ ikùn ti gún un bí ó ṣe ń kọjá lọ. Mo gbé e dání. Ó yanu, ọmọ wẹ́wẹ́ sì tú jáde sí àtẹ́lẹwọ́ mi, olójú ràbàtà, pupa ẹyin ṣì rọ̀ mọ́ ikùn wọn. Ẹ mọ̀ pé abo Oreochromis ń kó ẹyin àti ọmọ rẹ̀ sẹ́nu ni, kì í sì í jẹun bí ó bá ń kó wọn kiri. Mo yọ ìwọ̀ náà, mo ri ọwọ́ mi sómi, mo jẹ́ kí wọ́n lọ. N kò mọ iye tí ó padà rí ẹnu ìyá rẹ̀.

Ìwọ̀ ẹlẹ́nu kan, ọ̀kan ṣoṣo, nídìí, ni mò ń lò báyìí, mo sì ti fi pílásì tẹ ẹ̀gún rẹ̀ pẹlẹbẹ. Òmíràn ń bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mi ò parọ́. Akọ tí mo bá mú lójú ihò, mo ń dá a padà, àfi bí àlejò bá wà nílé.

Láti ọwọ́ Ọmọ Ẹlẹ́yẹlé

Ìyá Àpáta, ẹ ṣeun. Mo gbọ́ tiyín, mo sì yọ ìwọ̀ ikùn ara ẹja arère mi lóru ọjọ́ Jímọ̀. Mo gbé garawa gẹ́gẹ́ bí àbúrò wa ti Perth ṣe wí. Bí mo ṣe fi í sómi ni ó gbé imú sókè, tí ó rọ ìdí sílẹ̀, ó dúró lóòró bí ẹni tí ń wo ọkọ̀ òfuurufú. Kò sí epìyà tí yóò bá ìyẹn jà. Mo ti lu ihò mìíràn sí i lábẹ́ àgbọ̀n, òjé ni mo sì ń wá báyìí.