Ṣé kí n ṣí grúùpù fún wa àbí kí n fi í sílẹ̀?

Ọmọ Pàkátà (Leeds): Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. Oṣù tó kọjá ni mo dé síbí, a ti tó méjìlá báyìí tá a jẹ́ ọmọ Ìlọrin níbi iṣẹ́ àti ní yunifásítì. Wọ́n ní kí n ṣí WhatsApp fún wa, èmi ni màá ṣe admin. Kí ni kí n ṣọ́ra fún?

Ìyá Àliyù (Manchester): Àbúrò, káàbọ̀, kú òtútù. Má bínú o, ibi "èmi ni màá ṣe admin" yẹn ló pa mí lẹ́rìn-ín. Grúùpù ọmọ Kwara mẹ́rin ló wà nínú fóònù mi, mẹ́ta ti di ahoro. Àwòrán Jumat Mubarak ló kù níbẹ̀, òdòdó pupa àti kọ́ọ̀pù tíì, ẹnì kan náà ló máa ń fi í ránṣẹ́.

Èmi ni mo ṣí ọ̀kan nínú wọn, kí n má purọ́. Ìjà ló sì fà á. Nígbà ìpolongo òṣèlú Ó Tó Gẹ́ ní Kwara ní 2019 wọ́n yọ ọ̀rẹ́ mi kúrò nínú grúùpù wa torí òṣèlú, inú bí mi, mo ní èmi náà á ṣí tèmi. Ọjọ́ méjì, èèyàn 140 ti wọlé. 256 péré ni WhatsApp ń gbà nígbà yẹn, ẹ̀rù ń bà mí pé àyè ò ní gbà wá! Mo yan admin mẹ́fà, mo yan akọ̀wé, mo yan akápò (owó wo ló fẹ́ pa mọ́, ẹ bi mí). Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ ò gbọ́ pìn-ìn.

Èyí tó ń dùn mí dòní ni ti September ọdún yẹn. Alẹ́ ọjọ́ Wednesday kan, ọmọ Òmù-Àrán kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kọ ọ́ síbẹ̀ pé lándílọ́ọ̀dù ní kóun san owó oṣù méjì sílẹ̀ fún dìpọ́sítì, ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn. Mo rí i. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà, mò ń bọ̀ láti ṣíìfù, ẹsẹ̀ ń ro mí, mo ní àwọn tó kù á dá a lóhùn. Ó dájú pé ohun tí àwọn tó kù náà sọ nìyẹn. Sunday ni mo tó padà débẹ̀, ìbéèrè ọmọ ọlọ́mọ ṣì wà níbẹ̀, "Happy Sunday" ẹnì kan ló tẹ̀ lé e. Ó ti sanwó. Bẹ́ẹ̀ ìlà méjì lèsì rẹ̀: ní England, láti June 2019, tí owó ilé ò bá tó £50,000 lọ́dún, dìpọ́sítì ò gbọdọ̀ ju owó ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi í sábẹ́ ààbò scheme dìpọ́sítì tí ìjọba fọwọ́ sí láàárín ọjọ́ 30. Ọmọ náà ò bú ẹnikẹ́ni, ó kàn jáde kúrò nínú grúùpù ni.

Bàbá Ọ̀fà (Toronto): Ìyá Àliyù, ẹ má dá ara yín lẹ́bi jù. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, àmọ́ n ò bá yín jà lónìí. Jakob Nielsen, onímọ̀ nípa bí èèyàn ṣe ń lo ìkànnì ayélujára, kọ ọ́ ní 2006 pé nínú èèyàn 100 tó bá wà nínú irú nǹkan báyìí, 90 ń wòran, 9 ń dá sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnì 1 ló ń sọ èyí tó pọ̀ jù. Kí ọmọ Pàkátà wá ṣírò ti èèyàn méjìlá. Google alára pẹ̀lú gbogbo owó wọn, Google+, ìkànnì àwùjọ tí wọ́n ṣí ní 2011, àwọn fúnra wọn ló sọ ní 2018 pé nínú ìgbà 100 tí èèyàn bá wọ ibẹ̀, 90 ni kì í pé ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún kó tó jáde. Wọ́n tì í ní 2019.

Nǹkan mìíràn ni pé JJC, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ló nílò grúùpù. Tó bá ti rílé, tó ríṣẹ́, tó mọ bọ́ọ̀sì tó ń wọ̀, kí ló tún fẹ́ bi yín? Ẹni tó sì mọ̀ ọ́n, ìbéèrè kan náà lọ́nà ogójì ti sú u.

Ìyá Àliyù (Manchester): Òótọ́ ni sà. Àmọ́ ẹ wo àsàlátù àwọn màmá wa nílé. Sunday lẹ́yìn Sunday ni. Tí o bá pa á jẹ lẹ́ẹ̀kan péré, kó tó di ìrọ̀lẹ́ Alhaja kan á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà yín, "a ò rí ẹ o, ṣé àlàáfíà ni?" Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa lórí fóònù? Ìkẹrin tó ṣì ń mí nínú grúùpù mi, àjọ ni. Àwa mẹ́wàá, £100 lóṣù, ẹni tó bá kó o lóṣù yẹn ni gbogbo ìbéèrè wà lọ́rùn rẹ̀ títí oṣù á fi parí. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Kò sí admin kankan tó ń pàṣẹ.

Ọmọ Pàkátà (Leeds): Ẹ ṣé gan-an ni mà. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ bá àwọn méjìlá sọ ọ́ ná, n ò tíì ṣí nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, wàrà ń wù mí jẹ o, níbo ni wọ́n ti ń rí i?

Bàbá Ọ̀fà (Toronto): Sè é fúnra ẹ. Mílíìkì olọ́ràá lítà méjì, iná kékeré. Ewé bọmubọmu tí wọ́n fi ń dì í nílé ò sí lókè òkun, omi lẹ́mọ́ọ̀nù méjì ni kó o fi dì í tó bá ti fẹ́ hó, má rò ó púpọ̀ o, á fọ́.

Ìyá Àliyù (Manchester): Kó o fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Tó bá dì, ya fọ́tò ẹ̀ wá.