Iná Altadena: báwo la ṣe fẹ́ rí gíríìn káàdì tó wà lọ́nà gbà?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará wa ní Kalifóníà. Altadena ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé, iná tó ṣẹ́ yọ ní January 7, 2025 yẹn ò jó ilé wọn, a dúpẹ́, àmọ́ wọn ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni wọ àdúgbò náà, ẹni tó ń pín lẹ́tà gan-an ò lè débẹ̀, bẹ́ẹ̀ gíríìn káàdì wọn tuntun ti wà lọ́nà. Wọ́n ti mú ID lọ sí pósíọ́fíìsì tí wọ́n kó lẹ́tà àdúgbò wọn lọ, kò tíì sí níbẹ̀. Wọ́n sì ti yí àdírẹ́sì wọn padà lọ́dọ̀ ìmígíréṣọ̀n, torí ọjọ́ 10 péré lòfin fúnni. Èmi ní kí wọ́n jẹ́ kí lẹ́tà wọn máa wá sọ́dọ̀ mi ní Houston, ẹnìkan ní lẹ́tà ìmígíréṣọ̀n kì í bá irú ètò yẹn lọ, pé ńṣe ló máa ń padà sọ́dọ̀ ẹni tó fi ránṣẹ́ (ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù jù).

Ṣé ká ṣì máa dúró dè é ní pósíọ́fíìsì ni, àbí ká tètè kọ̀wé sí ìmígíréṣọ̀n pé káàdì ò dé?

Ẹ má bínú, ó gùn díẹ̀. Ẹ ṣé gan-an ṣáájú.