Báàsì tòkunbọ̀ olókùn márùn-ún ní Ṣágámù: ṣé kí n rà á?

Báàsì_Ìpẹ́ru:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onígìtá ilé Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Èmi ni mo ń lu báàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìpẹ́ru. Gìtá ṣọ́ọ̀ṣì ni mo fi kọ́ ọ, àmọ́ inú yàrá àwọn akọrin ni wọ́n ń tì í mọ́. Bí ìsìn bá ti parí, èmi àti ẹ̀ ò tún fojú kanra títí di ọjọ́ ìdánrawò. Mo fẹ́ ní tèmi nílé.

Ẹnì kan ní Sábó, ní Ṣágámù, fẹ́ ta tòkunbọ̀ olókùn márùn-ún kan. Wọ́n kọ Fender sí i lórí. ₦230,000 ló pè é, ó ní òun ò lè yọ ju ₦10,000 lọ. Ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìjẹ̀bú-Òde náà ní tuntun nínú páálí, olókùn mẹ́rin, orúkọ tí mi ò gbọ́ rí, owó ẹ̀ sì kéré sí ti Sábó.

Mo ti gbé ti Sábó yẹn dání. Ohùn ẹ̀ nípọn, ó wù mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá gùn ún lọ sókè, ohùn ẹ̀ ò bá ti kíbọ́ọ̀dù mu mọ́. Níbi tó sún mọ́ orí, okùn tó nípọn jù ń ha irin, ó ń dún *sínsín*. Ẹni tó ni ín ní okùn ló gbó, pé bí mo bá ti ra tuntun, ó parí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ẹ tètè dá mi lóhùn, kí ẹlòmíì má gbé e lọ.

Ọmọ_Ìkẹ́nnẹ́:

Lọ ra olókùn mẹ́rin jàre. James Jamerson tó lu báàsì sára ọ̀pọ̀ rẹ́kọ́ọ̀dù Motown, iléeṣẹ́ orin Amẹ́ríkà yẹn, olókùn mẹ́rin ni tiẹ̀, ìka kan ṣoṣo ló sì fi ń ta á. Kí lo fẹ́ fi ìkarùn-ún ṣe ní Ìpẹ́ru?

Ẹ̀gbọ́n_Òkè_Ajé:

Àbúrò, má tíì sanwó. Mi ò ní kó o má rà á o, mo ní kó o má tíì sanwó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ Fender kúrò nílẹ̀. Ọdún 1951 ni Leo Fender gbé Precision Bass jáde, Jazz Bass tẹ̀lé e ní 1960, àtìgbà náà ni gbogbo ayé ti ń ṣe irú wọn. Ẹni tó bá sì ní stíkà lè lẹ orúkọ mọ́ ohun tó bá wù ú. Lójú tèmi o, ayédèrú tí ọrùn ẹ̀ gún sàn ju ojúlówó tó ti lọ́. Owó ayédèrú ni kó o ṣáà san.

Ọrùn ni gbogbo ẹ̀. Bó o bá padà dé Sábó, gbé gìtá náà sókè, di ojú kan, kó o wò ó láti orí lọ bí káfíńtà ṣe ń wo pákó. Bó bá tẹ̀ díẹ̀ síwájú, kò sí wàhálà, okùn ló ń fà á. Ṣùgbọ́n bó bá lọ́, tí ẹ̀gbẹ́ kan ga ju ìkejì, kí ẹni náà pé ó dàárọ̀, kó o wọ ọkọ̀ ẹ. Àtúnṣe irú ìyẹn lè gbówó ju gìtá fúnra ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà, tẹ okùn tó nípọn jù mọ́ fret àkọ́kọ́ (fret ni àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn, láti orí la ti ń kà wọ́n), kó o fi ọwọ́ kejì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ọrùn ti pàdé ara gìtá. Wo abẹ́ okùn náà ní fret keje. Káàdì pélébé tí àwọn oníṣòwò ń pín ló yẹ kó kọjá níbẹ̀. Bí káàdì ATM bá gba ibẹ̀ wọlé wẹ́rẹ́, ọrùn ti tẹ̀ síwájú jù. Bí àyè ò bá sí rárá, ó ti tẹ̀ sẹ́yìn, ìyẹn ni mo sì fura sí nínú ọ̀rọ̀ tìẹ, torí ìtòsí orí lo ní ó ti ń ha.

Irin kan wà nínú ọrùn tí wọ́n ń pè ní truss rod. Mú allen key, kíì onígun mẹ́fà yẹn, dání lọ, kí ìwọ àti ẹni tó ni ín jọ gbìyànjú ẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ ẹ. Bí kíì bá ń yọ̀ nínú ihò ẹ̀ tí kò di nǹkan kan mú, wọ́n ti jẹ ẹnu ẹ̀ tán. Má rà á, bó ti wù kó dùn létí tó. Bó bá dì í mú, sí ọ̀tún ni wọ́n ń yí i kí ọrùn gún, sí òsì kó dẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí kan tó lẹ́ẹ̀kan. Àwọn kan a máa fún un bíi bóòtù táyà, wọ́n a wá máa sunkún. Ọ̀yẹ́ ń gbẹ igi, òjò ń rin ín, nítorí náà bó o bá tún un ṣe lónìí, wàá tún wò ó nígbà ọ̀yẹ́.

Ohùn tí kò bá kíbọ́ọ̀dù mu lókè, ìyẹn ò le. Ta okùn lófìfo, kó o tún ta á ní fret kejìlá: octave kan géérégé, ìyẹn ohùn kan náà tó kàn ga sí i, ló yẹ kó wà láàárín wọn. Fi túnà orí fóònù wò ó. Bí ti fret kejìlá bá ga jù, fa sádù okùn yẹn, irin kékeré tí okùn sinmi lé lára gìtá, sẹ́yìn lórí brídìjì tó gbé e dúró, kó jìnnà sí ọrùn. Bó bá wálẹ̀ jù, tì í síwájú. Ṣùgbọ́n okùn tó ti gbó kì í jẹ́ kó dọ́gba, nítorí náà ẹni tó ni ín ò parọ́ tán.

Ìwọ Ọmọ_Ìkẹ́nnẹ́, Jamerson ò bá akọrin tó ń fò láti F bọ́ sí D láàárín ìyìn ṣiṣẹ́. E ni olókùn mẹ́rin ń wálẹ̀ dé. Olókùn márùn-ún dé B, ó ní D àti C nísàlẹ̀ níbẹ̀. Oníṣọ́ọ̀ṣì nílò ẹ̀.

Ọmọ_Ìkẹ́nnẹ́:

Ẹ̀gbọ́n, agidigbo ló ṣe báàsì fún Haruna Ishola, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó yín níbẹ̀ yẹn. Irin pẹlẹbẹ díẹ̀ lórí àpótí ni, àpàlà ṣì jó.

Ẹ̀gbọ́n_Òkè_Ajé:

Ra agidigbo fún un nígbà náà.

Màmá_Sáúǹdì:

Kó tó di pé ẹ para yín: bó bá gbé e délé, kó má fi í sára home theatre. Ohùn B yẹn á fa sípíkà yẹn ya. Kó wá ámpù báàsì kékeré tàbí kó máa fi ìgbọ́rọ̀ létí.

Bó bá ń lu gìtá nídìí jẹnẹrétọ̀ níbi òde, kó ṣọ́ra, kó má ṣe di okùn mú kó tún fi ẹnu kan máìkì. Bí wáyà ilẹ̀ ò bá sí, iná lè gbé e.  Bó bá ti ta á, kí wọ́n pa jẹnẹ ná.

Báàsì_Ìpẹ́ru:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun, mà. Mo ti lọ o. Ọrùn ẹ̀ ò lọ́, kíì sì dì í mú dáadáa. Àyè ò sí ní fret keje rárá, bí ẹ ti wí gẹ́lẹ́. A yí irin sí òsì díẹ̀ lójú ẹni tó ni ín, híha náà sì dín kù. Ṣé ẹ mọ̀ pé ó ní owó ti lọ sókè, pé gìtá òun ti wá dáa ju ti àná lọ! Ihò wáyà ẹ̀ ń pariwo bí mo bá mì í, ìyẹn ni mo fi bá a ná an títí. Ó gba ₦195,000. Okùn wo ni kí n rà báyìí?

Ẹ̀gbọ́n_Òkè_Ajé:

Kú oríire. Ra 45 sí 130 (bí okùn ṣe nípọn tó nìyẹn), èyí tí wọ́n ṣe fún olókùn márùn-ún. Pààrọ̀ wọn níkọ̀ọ̀kan, má tú gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ihò wáyà yẹn, jẹ́ kí ẹni tó ń tún rédíò ṣe fi lẹ́ẹ̀dì jó o. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí bátìrì 9V bá wà lẹ́yìn ẹ̀, máa yọ wáyà nígbà tó o bá ti ṣeré tán, torí wáyà tó wà nínú ihò ló ń jẹ bátìrì.

Okùn tuntun ni kó ṣáájú, kó sùn mọ́jú lórí gìtá. Ẹ̀yìn náà ni ọrùn, kó o tó wá wọn bí okùn ṣe ga tó ní fret kejìlá: mílímítà 2 àbọ̀ sí 3 fún B. Sádù sísún ló kẹ́yìn. Bó o bá kọ́kọ́ ṣe ìyẹn, gbogbo ẹ̀ lo máa tún ṣe.