Àwa tí a fi eré ìdárayá kàwé ní Amẹ́ríkà: ẹ sọ ohun tí ojú yín rí lórí transfer (ṣíṣí láti yunifásítì kan sí òmíràn) àti àkókò ìdánrawò

Ọmọ Ìbàdàn, Kansas

Ọ̀pọ̀ àbúrò tó ń bi mí léèrè nípa sikọ́láṣíìpù ló rò pé tí kóòṣì bá ti ní "ó dáa, máa bọ̀", ọ̀rọ̀ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kóòṣì lè fẹ́ ọ bí ojú, ọ́fíìsì compliance, àwọn tó ń rí i pé ilé-ìwé tẹ̀lé òfin eré, ló máa sọ bóyá o lè wọ aṣọ ilé-ìwé wọn díje. N óò sọ tèmi, kí ẹ̀yin náà sọ tiyín.

Triple jump ni eré tèmi. Yunifásítì kékeré kan ní Kansas ni mo kọ́kọ́ dé, Division II, ìpele kejì nínú NCAA, àjọ tó ń darí eré àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ọdún kejì, kóòṣì kan láti Division I, ìpele tó ga jù, ní òun fẹ́ mi, ó sì fi ọkàn mi balẹ̀ pé gbogbo krẹ́díìtì mi ló máa wọlé. Lóòótọ́, gbogbo rẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n òfin NCAA ní kí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọdún kẹta ti parí ìpín 40 nínú 100 ohun tí dígírì rẹ̀ gan-an ń béèrè. Tó bá di ọdún kẹrin, 60. Ọdún karùn-ún, 80. Kọ́ọ̀sì tí kò bá sí nínú ètò dígírì yẹn, wọn ò kà á mọ́ ọn. Accounting ni mo fẹ́ kà, bẹ́ẹ̀ eré orí ìtàgé àti ìlera ara wà lára ohun tí wọ́n ti kó sórí mi ní Kansas, torí pé wákàtí wọn kò forí gbárí pẹ̀lú ìdánrawò. Obìnrin compliance náà tẹ́ ìwé èsì mi sílẹ̀, ó ń fi bírò pa wọ́n rẹ́ níkọ̀ọ̀kan. N kò pé 40.

Kóòṣì ní kí n kúkú lọ mú general studies, dígírì àkópọ̀ tí kò ní ẹ̀ka kan pàtó, pé gbogbo ohun tí mo ti ṣe ló máa bá ìyẹn mu. Ibi tí wọ́n ti ń fi ọ̀pọ̀ nínú wa ṣòfò nìyẹn. Ọmọ á fò, á gba àmì-ẹ̀yẹ, á wá jáde pẹ̀lú dígírì tí òun fúnra rẹ̀ kò lè ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀. Mo kọ̀. Ìsinmi ìgbà ooru ni mo fi ṣe àwọn kọ́ọ̀sì tó kù, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fetí sí èyí o: ẹni tó ń lo físà akẹ́kọ̀ọ́, F-1, gbọ́dọ̀ ní krẹ́díìtì 12 ní sémẹ́sítà, kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, krẹ́díìtì 3, ni wọ́n sì máa kà mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìgbà ooru jẹ́ ìsinmi fún ẹni tó ń padà sí kíláàsì lẹ́yìn rẹ̀, òfin yẹn kò dè é. Kóòṣì kò mọ èyí. Compliance kò mọ̀ ọ́n. Ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ló mọ̀ ọ́n, wọn ò sì mọ nǹkan kan nípa ìpín 40 ní tiwọn. Ìwọ lo máa gbé ọ̀rọ̀ ọ̀kan lọ bá ìkejì.

Ẹ̀gbọ́n Basketball, Houston

Èmi kàwé kí òfin tó rọ̀. Nígbà tiwa, tí o bá ń gbá basketball, tí o kúrò ní yunifásítì Division I kan sí òmíràn, ọdún kan gbáko lo máa fi jókòó. O máa bá wọn ṣe ìdánrawò títí wàá fi làágùn, tó bá dọjọ́ eré, kóòtù àti táì lo máa wọ̀ jókòó lẹ́yìn ẹgbẹ́. Ẹ̀yin eléré sísá àti fífò kò jẹ irú ìyà yìí, àwọn eré bíi mélòó kan péré ló dè. Ní 2021 ni gbogbo eré gba àǹfààní láti ṣí lẹ́ẹ̀kan láìjókòó. Ní December 2023, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní West Virginia dá NCAA dúró lórí àwọn tó ń ṣí lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tó sì di April 2024, NCAA fúnra wọn gbà pé kí èèyàn máa lọ iye ìgbà tó bá wù ú, tí èsì ìwé rẹ̀ bá ṣáà ti dára.

Gbogbo ayé ń yọ̀, èmi ò lè bá wọn yọ̀ tán. Nígbà tiwa, ọdún márùn-ún ni wọ́n fún èèyàn láti fi lo sáà ìdíje mẹ́rin, ọdún tí mo fi jókòó yẹn ni mo fi rójú kàwé. Mo mọ ọmọ kan báyìí tó ti lo yunifásítì mẹ́rin. Tí o bá bi í pé ilé-ìwé wo lo lọ, á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì tó ń sá 400

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àkókò. Lásìkò ìdíje, òfin ní ìdánrawò kò gbọdọ̀ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀, wákàtí 4 lóòjọ́, kí ọjọ́ ìsinmi kan sì wà. Ó dùn létí. Àmọ́ ọjọ́ ìdíje, bó ti wù kó gùn tó, wákàtí 3 ni wọ́n ń kà á sí. Mo lè dé pápá láàárọ̀, kí n sá 400 lọ́sàn-án, kí n sá relay lálẹ́: wákàtí 3. Ìrìn-àjò kò sí nínú ìṣirò. Kódà, ọjọ́ tí a fi jókòó sínú bọ́ọ̀sì láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì lè jẹ́ ọjọ́ "ìsinmi" wa, tí a kò bá ti ṣe ìdánrawò lọ́jọ́ náà.

Òfin tún ní kí ẹnikẹ́ni má pa kíláàsì jẹ nítorí ìdánrawò. Kò wá sọ pé kí kóòṣì gbé ìdánrawò kúrò lórí wákàtí tí a ń lò ní ọsibítù. Kóòṣì tó gbà mí wọlé jẹ́ kí n máa ṣe tèmi ní kùtùkùtù. Ẹni tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, àfìgbà tí olórí ẹ̀ka nọ́ọ̀sì kọ lẹ́tà sí ọ̀gá eré ìdárayá. Ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé wákàtí tí ẹ kò kà o. Èyí tí wọ́n gbé fún wa máa ń ní wákàtí 20 géérégé lórí, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Sprinter Èkó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà nílé, tèmi kàn yín. Mo ti gba WAEC, mo sì ń sáré fún kílọ́ọ̀bù l'Ékòó títí físà fi jáde. Aago ti ń ka mi. Lábẹ́ òfin Division I tó bá mi, ọdún kan ni oore-ọ̀fẹ́ tí èèyàn ní lẹ́yìn girama. Ọdún kọ̀ọ̀kan tó bá fi díje lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á yọ sáà kan nínú mẹ́rin tó ní, á sì tún jókòó ọdún kan nígbà tó bá dé. Àwọn NCAA tó ń yẹ ìwé wò ní Indianapolis ti rí èsì mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti orúkọ, ti ọjọ́, ti ìwọ̀n atẹ́gùn. Ẹni tó ń bá mi ṣètò ìwé ní kí n sọ pé ìdánrawò lásán ni. Ìdánrawò tí wọ́n fi ẹ̀rọ ka àkókò rẹ̀! Mo kọ òótọ́ síbẹ̀, sáà mẹ́ta ló kù fún mi.

Àwọn ọmọ máa ń rántí Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó gba 100 mítà hurdles NCAA fún UTEP, yunifásítì kan ní Texas, ní 2017, wọ́n á ní àwọn náà ń bọ̀. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n ni ọdún tí wọ́n jáde girama.

Bàbá kan, Abẹ́òkúta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ wa. Ọmọkùnrin mi bínú sí kóòṣì rẹ̀, ló bá kọ̀wé pé kí wọ́n fi orúkọ òun sí transfer portal, àkọsílẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn kóòṣì ti ń wá eléré tó fẹ́ ṣí. Ọjọ́ iṣẹ́ méjì ni òfin fún ilé-ìwé, wọn ò sì fi falẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un ni pé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti dá sikọ́láṣíìpù náà dúró tí sémẹ́sítà bá parí. Kò tíì sí ẹni tó pè é. Wọ́n tún ní láti ìgbà àdéhùn June 2025 lórí ẹjọ́ House, èyí tí àwọn eléré pe NCAA, àwọn ilé-ìwé tó wọ̀ ọ́ ti ní iye eléré tí wọ́n lè gbà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ni ká ṣe?

Ọmọ Ìbàdàn, Kansas

Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ó lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, àmọ́ kò pọn dandan kí kóòṣì gbà á padà, nítorí náà kó má gbójú lé ìyẹn nìkan. Kó má dúró de ìpè. Kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé sí àwọn kóòṣì, títí kan ti Division II àti NAIA, àjọ mìíràn tó yàtọ̀ sí NCAA. Ti físà ló le jù: kó má jẹ́ kí wọ́n gbé àkọsílẹ̀ SEVIS rẹ̀, èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń tọpa akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè, kúrò kí ibòmíràn tó fún un ní lẹ́tà ìgbàwọlé, torí kíláàsì tuntun gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù márùn-ún. Kó bá ọ́fíìsì ilẹ̀ òkèèrè sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ọdún kelòó ló wà báyìí sà, kí sì ni ó ń kà? Ìyẹn ló máa jẹ́ ká mọ̀ bóyá 40 la ń wá tàbí 60.